Ẹ̀jẹ̀ Tí Baruch Blumberg Ń Kó Kiri

Ní ọdún 1957, nígbà tí Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan láti Amẹ́ríkà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kò wá ta ọjà, kò wá wàásù, kò sì wá tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó wá gbà. Ó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn ènìyàn, kí ó sì gbé e padà lọ sí yàrá ìwádìí ní ìlú Oxford, níbi tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Baruch Samuel Blumberg ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún 32 lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè nígbà náà pé kí ni ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí ṣe, kò ní dárúkọ àrùn ẹ̀dọ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ kò sí nínú ohun tí ó ń wá. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ nígbà náà ni ó gbé e dé ibi tí ó ti ṣalábàápàdé fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa irú àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, òun náà sì ni ó gbé wa dé ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún ọmọ tuntun lónìí.

Nígbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ kí ara ẹni balẹ̀, yóò ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé níbi tí àwọn baba wa ti ń kun ẹran ni wọ́n ti kíyè sí i pé ẹ̀dọ̀ àti òróòro kì í jìnnà síra wọn. Ohun tí ojú lásán kò lè rí ni bí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn tí ìfun bá ti lọ oúnjẹ tí a jẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ de ìgbà tí a kò bá tíì jẹun. Òun ni ó ń sọ májèlé di ohun tí ara lè tì jáde. Òun náà ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú èròjà purotéènì tí ó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, èyíinì ni omi tí ó máa ń dá dúró lókè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú ìgò. Àwọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ni Blumberg ń wá kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tipẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Brooklyn, ní ìlú New York, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1925. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Júù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ní kékeré. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Lẹ́yìn èyí, ó gba oyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní Union College ní ọdún 1946. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Columbia kí bàbá rẹ̀ tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ ìṣègùn. Ó gbọ́ ti bàbá rẹ̀.

Ìrìn àjò kan tí ó rìn nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó fún un ní ìbéèrè tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1950, wọ́n rán an lọ sí Moengo, ìlú àwọn awakùsà ní àríwá orílẹ̀-èdè Suriname, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó bá níbẹ̀: àwọn ọmọ Íńdíà, àwọn ará Ṣáínà, àwọn tí a kó wá láti erékùṣù Java, àti àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí àwọn babańlá wọn já ara wọn gbà kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n sì dá ìlú tiwọn sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ̀fọn kan náà ni ó ń jẹ gbogbo wọn. Aràn tín-ín-tín tí ẹ̀fọn yìí ń gbé kiri ni ó máa ń fa jàbùtẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ṣe wọ́n yàtọ̀ síra: ẹsẹ̀ ẹnìkan yóò wú bí òpó, ẹlòmíràn yóò máa gbé aràn náà kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kí ló fà á?

Àwa tí a gbé ní ilẹ̀ ibà kò ní ka ìbéèrè yìí sí àjèjì. Ta ni kò mọ ilé kan tí ibà ti ń dá ọmọ kan wó lóòrèkóòrè, tí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà sì ń ṣeré kiri? Blumberg rò pé ìdáhùn náà wà nínú ohun tí a bá wáyé, nínú àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké tí a jogún, tí kò hàn lójú, ṣùgbọ́n tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ó dé Oxford ní ọdún 1955, ó bá ẹni tí ó ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀ pàdé. Anthony Allison ni orúkọ ẹni náà. Ní ọdún 1954, Allison ti gbé ẹ̀rí jáde pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tí ó le. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fa ìyà fún ọmọ SS kò fi parẹ́ ní ilẹ̀ wa. Blumberg àti Allison pa ọwọ́ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ láti Nàìjíríà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Basque ní Sípéènì ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ọdún 1958. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní haptoglobin ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kó èròjà pupa tí ó bá dà sínú omi ẹ̀jẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá fọ́. Àwọn ará Nàìjíríà kan wà tí wọn kò rí èròjà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn rárá. Bí a bá rántí pé ibà a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní yà wá lẹ́nu púpọ̀.

Láti ìgbà náà ni kíkó ẹ̀jẹ̀ jọ ti di iṣẹ́ Blumberg. Ní ọdún 1957 kan náà ni ó padà sí Amẹ́ríkà láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn ni ó ń dì sínú fírísà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ó fi ń wá ìyàtọ̀ rọrùn ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára lọ́pọ̀ ìgbà yóò ti gba èròjà àjèjì púpọ̀ sára, ara rẹ̀ yóò sì ti pèsè àwọn ọmọ ogun tí ó dá àwọn àjèjì wọ̀nyí mọ̀. Nítorí náà, bí èròjà kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan tí kò sí nínú ti ẹlòmíràn, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò tú àṣírí rẹ̀.

Wọn yóò da àgá, ohun kan tí ó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, sínú àwo pẹlẹbẹ. Wọn yóò gbẹ́ ihò kékeré sí àárín rẹ̀, wọn yóò gbẹ́ òmíràn yí i ká. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò wà láàárín. Ti àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ni yóò wà nínú àwọn ihò yòókù. Àwọn omi wọ̀nyí yóò máa yọ́ lọ pàdé ara wọn nínú àgá náà. Bí wọ́n bá pàdé láìmọ ara wọn, kò sí ohun tí a óò rí. Bí ọmọ ogun bá mọ àjèjì, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò hàn níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ní ọdún 1961, Blumberg àti Allison kéde èso àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú ọgbọ́n yìí: ìyàtọ̀ àjogúnbá nínú àwọn purotéènì tí ń gbé ọ̀rá kiri inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí Blumberg ń fẹ́ nìyẹn, bí ó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí, ìwọ̀nba àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni ìbá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí.

Ìlà kejì ni ó yí ohun gbogbo padà. Harvey Alter, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1963, wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan ní New York sí àárín àwo, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì bí wọ́n bá fara pa, tí wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tò yí i ká, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó fi ìlà hàn: ti ọmọ onílẹ̀ kan ní Ọsirélíà, láti inú ẹ̀yà àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìlà ti ọ̀rá a máa gba aró aláwọ̀ búlúù dáadáa. Èyí kò gbà á tó bẹ́ẹ̀; aró pupa ti purotéènì ni ó gbà. Kí ni ará New York àti ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, tí wọn kò tíì rí ara wọn rí, fi pàdé nínú àwo àgá?

Wọ́n sọ èròjà náà ní Australia antigen, nítorí àṣà wọn ni láti fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rí nǹkan pè é. Mo máa ń ronú sí orúkọ yìí. Ilẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tí ó na apá rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, gbígba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó jìnnà sí agbára ìjọba kò ní òfin tí ó le bíi ti òde òní, ìwádìí tí ó gba ẹ̀mí là pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè pé ta ni ó gbà kí a gbà á, àti pé kí ni a sọ fún un.

Ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ìbá ti fi ìlà náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìwúlò rẹ̀. Blumberg kò fi í sílẹ̀. Ó lọ sínú fírísà rẹ̀, ó kó ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde, ó sì ń bi wọ́n léèrè níkọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé lára àwọn ará Amẹ́ríkà tí ara wọn le, èròjà náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní àwọn ilẹ̀ olóoru àti ní Éṣíà, ó wọ́pọ̀ dáadáa. Ó tún wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èrò àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1965 so ó mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ìlà ti tọ́, ìtumọ̀ ni kò tíì tọ́.

Ní ọdún 1964, ó ti kó lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Philadelphia, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó pé bí èròjà yìí bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí ó pọ̀ lára àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ a máa mú wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Wọ́n lọ sí àwọn ilé ńlá tí wọ́n kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n sì bá a lára wọn lóòótọ́. Èròjà àjogúnbá kì í ṣàdédé yọjú: bí ó bá wà lára ẹni, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìbí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1966, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà, tí èròjà yìí kò sí lára rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ti ní in nígbà àyẹ̀wò kejì. Wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń wú.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì yí àwọ̀ padà. Ìgbà gbogbo ni ó ń lo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún ìfiwéra, kò sì sí ìlà kankan nínú rẹ̀ rí. Ó tún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà hàn. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn náà. Nígbà tí yóò fi di òpin àwọn ọdún 1960, àwọn olùṣèwádìí mìíràn ní New York àti Tokyo ti rí ohun kan náà: kì í ṣe ohun àjogúnbá rárá. Ara fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú irú B ni, èèpo ìta rẹ̀. Ará New York gba fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, ara rẹ̀ ṣẹ́gun rẹ̀, ọmọ ogun rẹ̀ sì kù. Ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ṣì ń gbé e kiri ní tirẹ̀.

Àǹfààní àkọ́kọ́ kò pẹ́ dé. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn lè gba mẹ́dọ̀wú mọ́ ọn láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Nígbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà Blumberg nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára, ọ̀nà gbòòrò kan ti dí mọ́ àrùn náà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí ní ìwà ìnákúnàá kan: èèpo tí ó ń ṣe pọ̀ rékọjá ohun tí ó nílò. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ń gbé e kiri, èèpo òfìfo pọ̀ lọ jàra, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, tí kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Blumberg àti Irving Millman rí i pé bí a bá lè ṣa èèpo òfìfo wọ̀nyí jáde, kí a sì pa fáírọ́ọ̀sì tí ó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn, a óò ní ohun tí yóò kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ kí ó ṣàìsàn. Ọdún 1969 ni wọ́n béèrè fún ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n náà. Ó ṣàjèjì sí etí: àjẹsára tí a óò mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà wà lára wọn gan-an! Ilé-iṣẹ́ Merck, níbi tí Maurice Hilleman ti jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ àjẹsára, ni ó sọ ọ́ di ohun tí a lè gún fún ènìyàn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1981. Àkókò náà ni àrùn éèdì ń yọjú, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn láti gba ohunkóhun tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wá. Nígbà tí ó di ọdún 1986, wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́ ìwúkàrà, irú èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, láti máa ṣe èèpo náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń lò fún ọmọ ènìyàn kò tíì gba irú ọ̀nà yìí wáyé rí.

Ní ọdún 1976, wọ́n ti fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Òun àti Carleton Gajdusek ni wọ́n jọ gbà á. Harvey Alter náà gba tirẹ̀ ní ọdún 2020, lórí fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú irú C. Ṣùgbọ́n nǹkan tí ó tóbi jù ṣì ń bọ̀ láti Taiwan. Ibẹ̀ ni Palmer Beasley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ 22,707 òṣìṣẹ́ ìjọba ọkùnrin lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1981, wọ́n kéde pé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ní ọdún 1984, Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọ tuntun. Kò tó ọdún 15 lẹ́yìn náà tí ìwádìí fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 níbẹ̀ ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń dènà jẹjẹrẹ! Bí ẹnikẹ́ni bá wí bẹ́ẹ̀ fún Blumberg nígbà tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà, bóyá ni kò ní rò pé àwàdà ni.

Kò jókòó ti orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1989 sí 1994, ó jẹ́ olórí Balliol College, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Oxford. Ní ọdún 1999, nígbà tí ó ti lé ní 70 ọdún, NASA ní kí ó wá ṣe olórí ẹ̀ka tí ń ṣèwádìí bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà nínú ayé mìíràn. Ibi ìpàdé kan ní ilé-iṣẹ́ NASA ní California ni ó wà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, nígbà tí ikú dé bá a. Ẹni ọdún 85 ni. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Keje, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe Ọjọ́ Àrùn Mẹ́dọ̀wú Lágbàáyé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọdún 1957 ni ẹ̀jẹ̀ kúrò níbí lọ sí Oxford. Ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà, ó sì wọ́n bí ojú. Ní ọdún 1992, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìlera ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi í kún abẹ́rẹ́ ọmọdé, kí ọdún 1997 tó kọjá. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà tó fi kún tiwa. N kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Nàìjíríà ni ó bí abẹ́rẹ́ náà; ìlà láti Ọsirélíà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981 ti pé ọmọ ọdún 23 kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó fi abẹ́rẹ́ yìí sínú èyí tí wọ́n ń gún fún gbogbo ọmọdé. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti bímọ.

Iye ọdún yìí ni ó wà lẹ́yìn àwọn àkọsílẹ̀ tí à ń rí lónìí. Ìwádìí ńlá kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn, bí 8 ni ó ń gbé mẹ́dọ̀wú irú B kiri. Jákèjádò ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí mílíọ̀nù 254 ní ọdún 2022, ó sì pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan lé ní ẹgbẹ̀rún 100 ní ọdún náà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ó wà lára wọn. Èdè wa ní orúkọ tí ó péye fún àmì àrùn tí ojú rí: ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ara kò yá. Èyí tí kò pọ́n ojú, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún 20 tàbí 30 ọdún, tí ó ń sọ ẹ̀dọ̀ di líle díẹ̀díẹ̀, kò ní orúkọ lẹ́nu wa. Ẹni tí ó ní in yóò ní ara òun le.

Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń fún aboyún dáadáa. Lẹ́tà wọ̀nyí lè wà níbẹ̀: HBsAg. Australia antigen tí Blumberg àti Alter rí nínú àwo àgá ní ọdún 1963 ni wọ́n ń wá níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí ó bá wà lára ìyá, àkókò ìbímọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ, nítorí nínú àwọn ọmọ tí ó bá kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn, bí 90 nínú 100 ni yóò máa gbé e kiri títí ayé. Àgbàlagbà tí ó bá kó o kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ara àgbà a máa lé e jáde fúnra rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bá bí i. Ọmọ tí a bí sílé, tàbí sọ́dọ̀ agbẹ̀bí tí kò ní abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n wá gbé lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìkómọ, ti pàdánù wákàtí wọ̀nyẹn. Ọjọ́ kẹjọ ti pẹ́. Kí wọ́n ṣì gún un fún un, ó sàn ju kí wọ́n má gún un rárá lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó ń da ilé rú. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń béèrè àyẹ̀wò kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, mẹ́dọ̀wú irú B sì ti wà nínú rẹ̀ lónìí. Àyẹ̀wò dára. Ohun tí à ń ṣe pẹ̀lú èsì rẹ̀ ni kò dára nígbà mìíràn: àdéhùn ìgbéyàwó yóò túká, wọn yóò ya abọ́ ẹni náà sọ́tọ̀, àbúrò kò ní jókòó ti ẹ̀gbọ́n mọ́. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò gba inú oúnjẹ kọjá, kò gba inú omi, kò gba ara bíbọ ọwọ́ tàbí dídì mọ́ ara ẹni. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, ìbímọ ni. Ó lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lórí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kan, nítorí náà abẹ onígbàjámọ̀, abẹ olóólà àti abẹ́rẹ́ tí a ti lò rí tọ́ sí ìbẹ̀rù ju abọ́ ọbẹ̀ lọ. Àfẹ́sọ́nà tí kò bá ní in lè gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì máa lọ.

Ẹni tí ó bá sì ní in kò gbọdọ̀ rò pé ayé ti dópin. Kò sí oògùn tí ó ń lé e jáde pátápátá fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n oògùn bíi tenofovir, tí a ń lò lójoojúmọ́, a máa dá a dúró kí ó má ṣe pọ̀ sí i, a sì máa dín ewu ẹ̀dọ̀ líle àti jẹjẹrẹ kù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò rẹ̀. Dókítà ni yóò wo ẹ̀dọ̀ àti iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó sọ. Ó dára kí ó jìnnà sí ọtí. Agbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀ tí ó ti ń ṣàárẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu, nítorí májèlé inú wọn a máa ran fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ láti fa jẹjẹrẹ. Aboyún tí fáírọ́ọ̀sì náà bá pọ̀ lára rẹ̀ lè lo tenofovir kí ó tó bímọ, kí ó má bàa ran ọmọ. Bí wọ́n bá sì ti gún abẹ́rẹ́ ọmọ náà lásìkò, ìyá rẹ̀ lè fún un lọ́mú.